Làpálàpá Ló Pa Adìẹ Wa

Ní Sátidé kan nínú oṣù Kẹrin ọdún 2024, nǹkan mẹ́ta ló bàjẹ́ lóko wa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, owó tó wà lọ́wọ́ mi ò sì tó tún gbogbo wọn ṣe.

Èkíní ni pọ́ńpù tó ń fa omi láti inú bóhóòlù. Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ló dákẹ́, kò sì dáhùn mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Èkejì ni jẹnẹrétọ̀. Ìyẹn ò tíì kú, àmọ́ èèyàn á fa okùn rẹ̀ títí apá á fi fẹ́ yọ kó tó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀kẹta ni páànù kan ní igun ilé adìẹ. Ìjì tó jà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ti ṣí etí rẹ̀ sókè, omi sì ń kán gba ibẹ̀ wọlé.

Oko náà kì í ṣe oko ńlá o. Éékà méjì ni, ní ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn, kéèyàn tó dé Ìjàyè. Bàbá mi ló rà á nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Nígbà tí wọ́n kú ní 2021, gbogbo wa rò pé Màámi máa kó wá bá wa ní ìgboro Ìbàdàn, àmọ́ Màámi ní àwọn ò lọ síbì kankan. Bó ṣe di pé èmi tí mo ka computer science ní yunifásítì, tí mò ń fi kóòdù kíkọ jẹun, ń lo Jímọ̀ sí Mọ́ńdè láàárín ìgbẹ́ adìẹ nìyẹn.

Kí ẹ lè mọ ohun tí mò ń sọ, ẹ jẹ́ n ṣí ìwé ìṣirò wa. Lásìkò yẹn a ní adìẹ 150 tó ń yé ẹyin, 100 tí kò tíì yé, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, àti ewúrẹ́ mẹ́fà. Adìẹ kan tó ń yé máa ń jẹ tó gíráàmù 110 sí 120 lójúmọ́. Àwọn 150 yẹn á jẹ bíi kílò 17 kí ilẹ̀ tó ṣú. Àpò oúnjẹ kílò 25 tí à ń rà ní Mọ́níyà ti di ₦16,000 nígbà náà, torí náà oúnjẹ wọn nìkan ń gbé bíi ₦11,000 lọ lójúmọ́. Àwọn kékeré ń jẹ bíi ₦3,500 tiwọn, láìyé ẹyin kankan. Kiréètì ẹyin mẹ́rin là ń kó, ₦4,500 là ń ta ọ̀kan. ₦18,000 wọlé, ₦14,500 bá ẹnu adìẹ lọ. ₦3,500 ló kù.

Nínú ₦3,500 yẹn la ti máa san owó ẹni tó ń bá wa ṣiṣẹ́, ra oògùn, ra àjẹsára lùkúlùkú, ká sì ra epo sínú jẹnẹrétọ̀. Epo ńkọ́? Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, iye tí à ń ra lítà kan ti ju ìlọ́po méjì bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Owó oṣù mi ló ń dí ihò tó bá ṣẹ́kù, owó oṣù mi náà sì ní ihò tirẹ̀.

Torí náà, láàárọ̀ Sátidé yẹn, mo ṣe ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, mo ṣí kọ̀ǹpútà mi, mo ya tábìlì sínú Excel. Níbi iṣẹ́ wa, tí àṣìṣe bá pọ̀ nínú prógíráàmù, a kì í sáré tún gbogbo rẹ̀ ṣe. A máa ń tò wọ́n bí wọ́n ṣe le tó: èyí tó lè da iṣẹ́ oníbàárà rú lónìí, èyí tó lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, èyí tí kò tiẹ̀ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe to ti oko. Pọ́ńpù, ìkíní. Jẹnẹrétọ̀, ìkejì. Páànù, ìkẹta.

Mo ní ìdí. Omi tí adìẹ ń mu máa ń tó ìlọ́po méjì oúnjẹ tó ń jẹ, ó sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ooru bá mú. Tiwa ń mu lítà 45 ó kéré tán. Tí adìẹ tó ń yé ò bá rí omi fún ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan ààbọ̀, ẹyin á já wálẹ̀; ìyẹ́ òmíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í re, kò sì ní yé mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Láàárọ̀ yẹn, kẹ́ẹ̀gì la fi ń gbé omi lórí ọ̀kadà láti kànga aládùúgbò wa kan. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ọlọ́kadà lọ tó ti ń wo ojú mi.

Màámi gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún mi. Wọ́n wo kọ̀ǹpútà, wọ́n wò mí.

"Àkànní, páànù yẹn ńkọ́?"

"Màámi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ti omi. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá."

Wọn ò bá mi jiyàn. Wọ́n wọlé lọ mú bàsíà kan, wọ́n gbé e sábẹ́ ibi tó ń jò.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe bóhóòlù ládùúgbò dé ní nǹkan bí aago mọ́kànlá. Ó fi tẹ́sítà kan wáyà níbí, ó fi kan wáyà lọ́hùn-ún, ó mi orí. Ó ní iná tí kò lágbára ti jó pọ́ńpù náà. Mi ò ní kó fà á jáde ká yẹ̀ ẹ́ wò ná. Mi ò ní kó ṣí àpótí ìdarí tó wà lára ògiri. Ohun tí mo bi í ni pé, "Èló ni tuntun?" Pọ́ńpù tuntun, àpótí rẹ̀, páìpù díẹ̀ àti owó iṣẹ́: ₦230,000.

₦140,000 ló wà lọ́wọ́ mi. Mo yọ ₦25,000 nínú owó ilé tí mò ń kó jọ. Ó ku ₦65,000. Àjọ Màámi ṣì ku oṣù méjì kó tó kàn wọ́n. Mo wo àwọn ewúrẹ́.

Ẹ má bínú sí mi. Mo ti mọ èyí tó máa tó iye yẹn kí n tó wò wọ́n. Ìyá Ìbejì ni Màámi ń pè é, torí ìbejì ló máa ń bí ní gbogbo ìgbà. Bàbá mi ló rà á fún wọn, ọdún méjì kí wọ́n tó kú. Tí Màámi bá ń bó ẹ̀gẹ́, ẹ̀gbẹ́ wọn ló máa ń dúró sí, kò ní bá àwọn tó kù jà, á kàn máa dúró de èèpo tirẹ̀.

"Ó ti lóyún oṣù mẹ́ta o," Màámi sọ bẹ́ẹ̀. Oṣù márùn-ún ni ewúrẹ́ fi ń lóyún.

"Màámi, torí oyún yẹn ni wọ́n ṣe máa san owó gidi."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ohun tó bá yẹ ní ṣíṣe ni kóo ṣe." Àwọn fúnra wọn ló so okùn mọ́ ọn lọ́rùn. Wọ́n fún un ní èèpo ẹ̀gẹ́, wọ́n sì wọlé kí alágbàtà tó dé. ₦65,000 géérégé.

Nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, omi dé. Inú mi dùn bí ìgbà tí iṣẹ́ tí a ti ń ṣe bọ̀ bá lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí wàhálà. Mo fi àwọ̀ ewé kun ìlà pọ́ńpù nínú tábìlì mi, mo wakọ̀ padà sí Ìbàdàn.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa. Òru mẹ́ta ló fi rọ̀ léraléra. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, Màámi pè mí. Mo wà nínú ìpàdé, mo kàn fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé màá pè padà. Nígbà tí mo pè, wọ́n ní bàsíà ń kún lóru ó sì ń dà sílẹ̀, pé èérún igi tí a fi tẹ́ ilẹ̀ lápá ọ̀dọ̀ àwọn adìẹ kékeré ti rin, pé adìẹ méjì ń tòògbé. Mo ní, "Màámi, ọjọ́ Jímọ̀ ń bọ̀ náà. Màá wá wò ó."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, òórùn ló kọ́kọ́ pàdé mi. Ẹni tó bá sin adìẹ rí á mọ̀ ọ́n: èérún igi tó rin, tó dàpọ̀ mọ́ ìgbẹ́, á máa tú amóníà jáde, ojú á sì máa ta èèyàn. Mẹ́fà ti kú. Àwọn tó kù ká apá sílẹ̀, wọ́n kóra jọ sí igun kan bí ẹni tí òtútù ń mú. Ìgbẹ́ wọn ní ẹ̀jẹ̀ nínú.

Dókítà ẹran tí a pè la ọ̀kan nínú àwọn tó kú lójú mi. Ó fi ọ̀bẹ tọ́ka sí ibì kan nínú ìfun rẹ̀ tó wú, tí ẹ̀jẹ̀ kún inú ẹ̀. Coccidiosis ni. Ó ṣàlàyé fún mi pé kòkòrò tí ojú ò lè rí ló ń fà á, pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé adìẹ tí kòkòrò náà ò sí. Tí ilẹ̀ bá gbẹ, díẹ̀díẹ̀ ni adìẹ á máa gbé e mì, ara rẹ̀ á sì kọ́ bó ṣe máa bá a jà. Àmọ́ tí ilẹ̀ bá rin, tí ooru sì wà, ẹyin kòkòrò náà á gbó lọ́pọ̀ yanturu, adìẹ á sì gbé èyí tó ju agbára rẹ̀ lọ mì. Adìẹ kékeré ló máa ń pa jù.

"Omi ló fà á," ó ní bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí débi pé mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Torí omi ni mo ṣe ta ewúrẹ́.

A fi amprolium sínú omi wọn. A kó gbogbo èérún igi náà dànù, a tẹ́ tuntun, a fi tapólì bo páànù fún ìgbà díẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ikú náà fi rìn. Nínú 100, 31 kú. Mo ṣírò rẹ̀, torí mi ò mọ nǹkan mìíràn tí mo lè ṣe: owó tí a fi ra ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́mọ ọjọ́ kan, oúnjẹ tí ó ti jẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Ó lé ní ₦80,000, láìka ẹyin tí wọn ò ní yé mọ́. Ẹ mọ iye tí káfíńtà sọ pé òun máa gbà tún páànù ṣe? Páànù méjì, ìṣó àti owó iṣẹ́: ₦22,000.

Mo rò pé ó tán síbẹ̀. Kò tán.

Ní ìparí oṣù Karùn-ún, bàbá kan wá bá wa tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n rí pọ́ńpù àtijọ́ nílẹ̀ nínú yàrá tí à ń kó oúnjẹ adìẹ sí.

"Kí ló ṣe èyí?"

"Ó ti jóná, Bàbá."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Wọ́n ní kí n gbé àpótí rẹ̀ wá. Wọ́n tú ìdérí rẹ̀, wọ́n yọ kapásítọ̀ inú rẹ̀, nǹkan róbótó kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Ó ti wú. Wọ́n ní ohun tó ń ran pọ́ńpù lọ́wọ́ láti gbéra nìyẹn, pé tí iná bá ń lọ tó ń bọ̀, tí kò sì lágbára, òun ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Wọ́n ní òmíràn nínú àpò iṣẹ́ wọn. ₦4,000. Wọ́n fi í síbẹ̀, a gbé pọ́ńpù náà sínú dúrọ́ọ̀mù tí omi kún inú rẹ̀, wọ́n tan iná.

Omi fò sókè, ó sì rin gbogbo wa. Ọmọ tó ń bá wa ṣiṣẹ́ pariwo, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo wá bojú wẹ̀yìn, mo rí Màámi lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ń wo omi náà. Ohùn wọn ò ga rárá.

"Ewúrẹ́ mi wá ńkọ́?"

Mo ti ronú lórí ìbéèrè yẹn ju bí mo ṣe ronú lórí ọ̀pọ̀ nǹkan lọ. Ó rọrùn láti di ẹ̀bi ru ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní pọ́ńpù ti jóná. Àmọ́ iṣẹ́ tèmi gan-an ni kí n máa wá ìdí tí nǹkan ò fi ṣiṣẹ́. Tí ẹnìkan bá wá bá mi níbi iṣẹ́ pé prógíráàmù kan ti dákẹ́, ká kọ òmíràn látìbẹ̀rẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí màá bi í ni pé, "O ti yẹ log wò?" Mi ò ní gbà kó fọwọ́ kan nǹkan kan kó tó dáhùn. Kí ló dé tí mi ò fi béèrè lóko?

Ẹ̀rù ni. Owó kékeré máa ń kó ẹ̀rù báni, ẹ̀rù sì máa ń múni kánjú. Mo ní ọjọ́ méjì péré, mo fẹ́ padà sí Ìbàdàn pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀. Mo ra ìbàlẹ̀ ọkàn ní ₦230,000, mo sì fi ewúrẹ́ ẹlòmíràn san nínú rẹ̀.

Òwe tí mo pa fún Màámi kò ní àbùkù. Èmi ni mi ò mọ èwo ni ẹ̀tẹ̀, èwo ni làpálàpá. Iye owó tí àtúnṣe máa gbà ni mo fi wọn bí àìsàn ṣe le tó. Ohun tó máa gba ₦230,000, mo pè é ní ẹ̀tẹ̀; ohun tó máa gba ₦22,000, mo pè é ní làpálàpá. Bẹ́ẹ̀ ₦4,000 péré ni ẹ̀tẹ̀ yẹn, làpálàpá ló sì pa adìẹ 31.

Àwa tí à ń kọ kóòdù ní ọ̀rọ̀ kan tí à ń pè ní technical debt. Lọ́dún 1992, Ward Cunningham, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń kọ prógíráàmù, ló fi gbèsè ṣe àpèjúwe kóòdù tí kò tíì gún régé. Ó ní gbèsè díẹ̀ lè mú kí iṣẹ́ yá, tí a bá tètè padà san án. Ewu ibẹ̀ ni ká má san án, kí èlé máa gorí èlé. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí nínú ìpàdé lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ níbi iṣẹ́ wa, tí gbèsè bá gorí ara wọn, iṣẹ́ á kàn falẹ̀, inú ọ̀gá á bàjẹ́. Lóko, ohun ẹlẹ́mìí lo máa fi san èlé. Bàsíà tí Màámi gbé sábẹ́ páànù, ìwé gbèsè ni. Mo rí i, mo sì wakọ̀ lọ.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé owó ti pọ̀ lóko báyìí. Kò pọ̀. Ohun tó yí padà ò ju mẹ́rin lọ. Àkọ́kọ́, láàárọ̀ gbogbo Sátidé, kí n tó ṣí kọ̀ǹpútà, èmi àti Màámi á rìn yí oko ká pẹ̀lú òòlù, ìṣó àti wáyà. Ohunkóhun tí a bá lè tún ṣe láàárín wákàtí kan, tí kò sì ju ₦5,000 lọ, kò ní wọ inú tábìlì. A máa tún un ṣe lójú ẹsẹ̀ ni. Ìkejì, à ń yọ ₦500 sọ́tọ̀ lójúmọ́ sínú agolo mílíìkì kan. Ó ń lọ sí ₦15,000 lóṣù, àtúnṣe kéékèèké nìkan la sì ń fi ṣe, ebi ì báà pa jẹnẹrétọ̀. Ìkẹta, kò sí ohun tó "ti jóná" mọ́ àyàfi tí èèyàn méjì bá ti tú u wò. Ìkẹrin ni tábìlì náà fúnra rẹ̀. Mo ti fi ìlà kan kún un, òun ni mo sì ń kọ́kọ́ wò kí n tó wo iye owó: "Tí a bá fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ló máa ṣẹlẹ̀, ta ló sì máa ṣẹlẹ̀ sí?"

Pọ́ńpù àtijọ́ ṣì wà ní yàrá, a tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ tí tuntun bá dákẹ́. Mo wá alágbàtà yẹn lọ. Ó ní òun ti ta Ìyá Ìbejì ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, òun ò mọ ẹni tó rà á.

Nínú oṣù Kẹfà, àjọ kan Màámi. Mo rò pé ewúrẹ́ ni wọ́n máa fi rà, mo tiẹ̀ ti béèrè owó rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn méjì. Nígbà tí mo dé lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, páànù tuntun mẹ́fà ló fara ti ògiri. Wọn ò ṣàlàyé, mi ò sì bi wọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gun àkàbà, wọ́n sì dì í mú nísàlẹ̀. Ojú ọ̀run ti ń ṣú lápá Ìṣẹ́yìn.

"Ṣé ìṣó yẹn ti wọlé?"

"Ó ti wọlé, Màámi."

"Kan òmíràn tì í."